Dígí Inú Ìléru ní Àjàṣẹ́

Ìgò tí àwọn ènìyàn ń dà nù lẹ́yìn ayẹyẹ nílùú Àjàṣẹ́ ni mo fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà mi. N kì í fẹ́ dígí lẹ́nu. Inú ìléru oníná mànàmáná ni mo ń tẹ́ ẹ sí, lórí pẹpẹ tí mo fi ẹfun pípò kùn kí ó má baà lẹ̀. Bí ooru bá tó nǹkan bí 700°C, dígí á rọ̀, á sì gba ìrísí abọ́ amọ̀ tí a gbé e lé. Ṣùgbọ́n kí ègé méjì tó yọ́ di ọ̀kan, ooru náà ní láti sún mọ́ 800°C.

Lójú tèmi, títutù ló le ju yíyọ́ lọ. Ara dígí tí ó bá tutù kíákíá máa ń le ṣáájú inú rẹ̀, ara àti inú á máa fa ara wọn, ó sì lè sán lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń dá ooru dúró ní àyíká 550°C fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. (Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ìléru.)

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì: ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìkòkò ìyọ́-dígí àti ìlẹ̀kẹ̀, èyí tí àwọn baba wa ti ń ṣe kí ọkọ̀ Òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ìlẹ̀kẹ̀ ni èmi náà ń ṣe báyìí, bí àwọn Krobo ti Gánà ti ń ṣe é: ìyẹ̀fun ìgò nínú àwo amọ̀, pẹ̀lú igi ewé ẹ̀gẹ́ láàrin, tí yóò jóná di ihò.