Ọdún Tí A Fi Dẹ̀gùn De Orin

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ sì kú àfojúsọ́nà. Ọdún ń lọ sópin, mo tún jókòó láti ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, oṣù tí mo rí kò ju ọ̀kan lọ. Láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kẹrin, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni. Láti oṣù kẹjọ tí Bàbá Ọdẹ, àgbà ọdẹ tó ń ṣíwájú wa, ti papò dà títí di ìsinsìnyí, ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe rí. Ohun tó gba ọdún yìí ni ọjọ́ 9 tí a lò nínú oṣù karùn-ún ní etí igbó Ìpólé-Ìlorò ní ìpínlẹ̀ Èkìtì: Bàbá Ọdẹ níwájú, Onígángan lẹ́yìn, èmi àti jìtá láàárín. Orin 3 la mú bọ̀, pẹ̀lú ohùn 1 tí kò tíì ní ọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù ni bí igbó ṣe ń di orin. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò ọdún yìí, ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ lè rí ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gùn ni. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í fi gbogbo òru rìn. Á wá ibi tí ẹran ń gbà kọjá, á gun orí igi tàbí kó fẹ̀yìn ti gbòǹgbò, á panu mọ́, á máa retí. Bàbá Ọdẹ ní bí a ṣe ń dẹ̀gùn de ẹran náà ni ká ṣe dẹ̀gùn de orin, a sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Akọrin tó bá ń rin igbó kiri tó ń ya fọ́tò, tó ń sọ pé òun ń wá ìmísí, ohun tó ń wá ló ń lé sá yẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ibì kan ṣoṣo lẹ ó jókòó sí láti ọjọ́ kìíní títí tẹ́ ẹ ó fi kúrò. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí yín lójú, kó má fẹ́ láti ẹ̀yìn yín lọ síwájú, torí òórùn ara yín ló máa kọ́kọ́ lé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ má fi lọ́fínńdà sára. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò dáadáa kí ẹ tó tẹ́ ẹní, pàápàá lẹ́yìn òjò, torí ìjàlọ. Tí wọ́n bá ti gba ẹsẹ̀ yín kọjá, jíjókòó ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Bàtà òjò tó dé orúnkún dára ju kánfáàsì lọ, torí ejò àti torí ìrì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta là ń jókòó lójúmọ́: aago 5 sí 6:30 ìdájí, aago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́, aago 9 sí 10:30 alẹ́. Kò gbọdọ̀ dín ní ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo ẹ̀dá ibẹ̀ ti gbọ́ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó dé. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ìdákẹ́rọ́rọ́ tẹ́ ẹ bá níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbé e wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrẹ̀ kan á kọ́kọ́ dán an wò, òmíì á gbè é, ọ̀pọ̀lọ́ á sì dá sí i. Ẹni tó bá dìde ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, kò tíì gbọ́ igbó rárá.

Ti alẹ́ ló ń fún wa ní ohun tó pọ̀ jù. Lóru, afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ máa ń tutù ju tòkè lọ, èyí ló ń tẹ ohùn padà wá sílẹ̀ dípò kó fò lọ sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gbọ́ òfàfà lórí igi tó jìnnà réré bíi pé ó wà lẹ́yìn yín. Ẹni tí kò bá gbọ́ igbe òfàfà rí, igbe náà á bẹ̀rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á máa le sí i, á máa ga sí i, títí á fi di ariwo. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú orin 3 yẹn, ibẹ̀ la ti mú bí ó ṣe ń gòkè.

Lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ pín ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta: aago, ohun tó dún, àti ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ bí ohùn náà ṣe lọ. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, torí bírò kì í kọ dáadáa lórí ìwé tí òjò bá ti rin. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ lè máa fi imú kọ àwọn ìlà náà. Ọ̀rọ̀ á máa wá fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ kẹrin. Bá a bá fẹ́ mọ bí ìlù á ṣe yá tó, kọ̀ǹkọ̀ là ń kà: iye ìgbà tó ké láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tó wà lẹ́bàá odò wa ń ké 22, ìyẹn 88 ní ìṣẹ́jú kan, Onígángan kò sì kúrò lórí 88 náà títí a fi délé.

Níbi tí iṣẹ́ ti le ni ọ̀rọ̀. Èdè wa kò gbà kí ohùn orin máa lọ sọ́tùn-ún kí ohùn ọ̀rọ̀ máa lọ sósì. Dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè: ẹ fi ẹnu lásán sọ gbólóhùn náà jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ kọ dò re mí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tó gbé e lé ohùn tẹ́ ẹ gbọ́ nínú igbó. Ẹ̀lúlùú ló fi èyí yé wa. Ẹ mọ bí ó ṣe ń ké: á bẹ̀rẹ̀ lókè, á máa sọ̀ kalẹ̀, á máa yára bí omi tó ń tú lẹ́nu akèrègbè, á sì tún gbé ohùn sókè díẹ̀ níparí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi sí i ń kí àgbà tó ṣíwájú wa, ó sì parí sí “Bàbá ọdẹ.” Ibi tí ohùn ẹyẹ náà ti já sílẹ̀ pátápátá ni “ọdẹ” bọ́ sí. Re re ni ọdẹ. Tẹ́ ẹ bá ti ń bọ̀ látòkè, tẹ́ ẹ wá sọ ọ́ sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, dò dò létí ń gbọ́, ó ti di “ọ̀dẹ̀.” Ká fi orin kí ọdẹ, kó di èébú! Ìlù kì í tún irú rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ègbè kì í bò ó. Ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ohùn náà wà bẹ́ẹ̀ láìní ọ̀rọ̀ di oṣù kẹjọ. Nínú oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ dé: “Kí ló dé tẹ́ ẹ fi lọ, Bàbá?” Ẹ kà á: mí mí mí mí, re re re, dò mí. Ó bá ti ẹ̀lúlùú mu, àtìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ àti ibi tó ti gbé orí sókè níparí, mi ò yí ìró kan padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí iye ìró. Ẹ̀lúlùú máa ń ké ju ìgbà mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, gbólóhùn wa sì jẹ́ 9. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí kò wúlò kún un kó lè pé. Ẹ jẹ́ kí gángan gba èyí tó kù. Ti ẹyẹ kékeré bí ẹgà yàtọ̀, torí wọ́n yára ju ọ̀fun wa lọ. Tẹ́ ẹ bá fi ìdajì ìyára ṣí ohun tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀, ohùn náà á wálẹ̀ ní odidi òkítáàfù kan, ẹ ó sì gbọ́ àwọn ìró tó wà láàárín. Olivier Messiaen, aṣẹ̀dá orin ará Faransé tó gbé ayé láti 1908 sí 1992, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ohùn ẹyẹ sílẹ̀ nínú igbó àti pápá, òun náà ní láti fà á falẹ̀ kó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí èèyàn tó lè fi ohun èlò orin lù ú. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn tó ń rò pé ìwà ìgbẹ́ nìyí. Gustav Mahler tí òun náà jẹ́ aṣẹ̀dá orin, láti 1893 sí 1896, ahéré kékeré kan létí adágún Attersee ní Austria ló ti ń kọ orin rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Jíjókòó sójú kan náà ni, orúkọ tiwa ló yàtọ̀.

Àrìnta, omi tó ń já láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlorò ńkọ́? Ó wuni, gbogbo àlejò ló ń sáré lọ síbẹ̀, àmọ́ kò dára fún kíkọ orin. Omi tó ń já láti òkè, gbogbo ohùn ló wà nínú rẹ̀ papọ̀, tinrín àti kíkẹ̀, ìyẹn ló fi ń bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń kọrin nítòsí rẹ̀ á máa gbé ohùn sókè láìmọ̀. Tó bá wá délé, orin náà á ga ju ọ̀fun rẹ̀ lọ. A ti ṣe irú rẹ̀ rí, fírẹ́ẹ̀tì 3 lórí jìtá la fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ wọ́ sẹ́yìn àpáta títí tẹ́ ẹ ó fi lè gbọ́ ara yín láìpariwo, ẹ wá jókòó. Ìkògòsì kò jìnnà, ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, àmọ́ ẹ má lọ ní Sátidé tàbí Sọ́ńdè, èrò máa ń pọ̀.

Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀: ẹ má fọkàn tán vóìsì nóòtì. Ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, ó ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìrẹ̀ sì lè di ariwo lásán nínú rẹ̀. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní WAV, irú fáìlì tí kì í tẹ ohùn pọ̀, ní 48 kHz, 24 bit. Wákàtí kan jẹ́ bíi 1 GB, káàdì 32 GB á gbà tó ọgbọ̀n wákàtí. Ẹ jẹ́ kí ohùn tó ga jù dúró sí nǹkan bí -12 dB, torí ààrá kì í kìlọ̀. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹnu ẹ̀rọ nítorí afẹ́fẹ́, ẹ gbé e lé igi tó gbẹ, ẹ má fi ọwọ́ dì í mú. Ẹ pààrọ̀ bátìrì kó tó kú: tí iná bá lọ kí ẹ̀rọ tó pa fáìlì dé, ó lè má ṣí mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kẹfà wa lọ báyẹn. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ kó 4 tàbí 5 sínú ike tí ẹ̀rọ wà. Ọ̀rinrin ló ń pa á ju òjò lọ.

Awọ gángan máa ń rọ̀ ní ìdájí, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ yá a níná ní ìwọ̀n apá kan, ẹ máa yí i. Tó bá sún mọ́ jù, awọ á ya. Ti jìtá, nínú ọyẹ́ ni ìjà rẹ̀ wà: igi rẹ̀ á gbẹ, á sún kì, ojú rẹ̀ á là. Ẹ lu ihò sí ike ọṣẹ, ẹ fi kànrìnkàn tútù tẹ́ ẹ ti fún dáadáa sínú rẹ̀, ẹ tì í sínú àpò jìtá. Tèmi wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọ igbó láìsí ọdẹ ìlú, ní ayé tá a wà yìí. Ẹ kọ́kọ́ kí olórí ọdẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn Amọ̀tẹ́kùn mọ̀, etí igbó ni kí ẹ pàgọ́ sí.

Lálẹ́ tí àwọn ọdẹ ṣe ìṣípà Bàbá, ìyẹn ètò ìdágbére fún ọdẹ tó ti kú, mo pa ẹ̀rọ, mo fi í sílé. Ìrèmọ̀jé, orin arò àwọn ọdẹ, kì í ṣe ohun tí à ń dẹ̀gùn dè. Àwọn tó ni í sun ún, àwa jókòó, a gbọ́, ó tó.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ilé Bàbá, ọpẹ́ yẹn kò ṣeé sọ tán. Àkọ́bí wọn ti ní òun á mú wa lọ tí òjò bá ti balẹ̀ dáadáa, bí ọ̀nà bá ṣeé rìn. Onígángan ti fọwọ́ sí i. Èmi náà fẹ́ lọ, mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa jókòó sí ibẹ̀.

Nínú ohun tá a gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin, ní aago 5:40, Bàbá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá rọra sọ pé, “Ẹ gbọ́ ọ ṣá?” Tá a bá gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò láti 80 Hz bí a ṣe máa ń ṣe, afẹ́fẹ́ á lọ, ohùn wọn á sì mọ́ sí i. Mo ṣe é lórí ẹ̀dà kan. Èyí tí mi ò fọwọ́ kàn wà nínú káàdì méjì: ọ̀kan lọ́dọ̀ mi ní Adó, ọ̀kan lọ́dọ̀ Onígángan ní Ìkéré.