Ẹ wo ògiri kẹ́ ẹ tó bá pọ́ǹpù jà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ láàbù, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lọ́wọ́ mi ní Yábàá níbí.

Ẹ mọ chip tá à ń lò, rọ́bà PDMS kékeré tí ò ju káàdì ATM lọ, ọ̀nà tóóró-tóóró ló kún inú ẹ̀, òmíì ò tiẹ̀ nípọn tó irun orí, kó lè jọ ihò inú àpáta tí epo rọ̀bì ń gbé. A ó fi epo kún un, a ó wá máa fi omi tì í jáde díẹ̀díẹ̀, kámẹ́rà á máa wò ó látòkè. Omi ò kì í tò sórí ìlà o, bí ọlọ́kadà ló ṣe ń ṣe, ibi tó bá ti rí àyè ló ń gbà, á ti yọ síwájú, epo á sì wà lẹ́yìn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí nísàlẹ̀ ilẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí epo púpọ̀ ṣẹ́ kù sínú àpáta.

Lọ́jọ́bọ̀ ọjọ́ kan, mo fi plasma (gáàsì tá a gba iná mànàmáná kọjá nínú ẹ̀) lẹ chip méjì mọ́ gíláàsì. Mo lo àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, omi wọ gbogbo kọ̀rọ̀, ó gbá epo lọ fíín, mo ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ kiri. Kí n mú ìkejì, wọ́n mú iná lọ, jẹnẹ́rétọ̀ ò sì ní pẹtiróòlù (àwa tá à ń kọ́ nípa epo o!), ó di Mọ́ńdè. Epo kan náà, pọ́ǹpù kan náà, ìwọ̀n kan náà, àmọ́ omi kọ̀ jálẹ̀, ihò ńlá nìkan ló ń gbà, epo lẹ̀ mọ́ ògiri pinpin. Mo tú pọ́ǹpù, mo pààrọ̀ sírínjì, mo po epo tuntun, mo tiẹ̀ bínú sí ẹni tó bá mi po rọ́bà.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí wò mí, ó ní, "Ṣó o ti kán omi sí i lára wò?" Mo ní, "Rárá sà." A gé etí chip yẹn, a kán omi sí i. Omi ká jọ bí ìgbà tó bá wà lórí ewé kókò.

Plasma ló ń jẹ́ kí rọ́bà yẹn gba omi, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára ẹ̀, láàárín wákàtí sí ọjọ́ díẹ̀ á ti padà sí ìwà ẹ̀, á tún máa kọ omi. Torí náà ẹ tọ́jú àjákù rọ́bà kan tó wọ plasma pẹ̀lú chip yín, ẹ máa kán omi sí i kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ò bá ní lò ó lọ́jọ́ náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi. Tó bá sì jẹ́ epo bíi hexane tàbí toluene lẹ fẹ́ lò, ẹ wá chip gíláàsì, torí wọ́n máa ń jẹ́ kí PDMS wú, ọ̀nà inú ẹ̀ á fún.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé èsì Mọ́ńdè yẹn ò burú rárá. Àpáta míì wà tó jẹ́ epo ló fẹ́ràn ju omi lọ, pàápàá àwọn tó jẹ́ òkúta ẹfun, bí chip mi ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an lomi ń ṣe nínú wọn. Mo kàn ti pa fídíò ẹ̀ rẹ́ ni.