Lọ́kà Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ Ajé. Òjò láàárọ̀, òjò nírọ̀lẹ́.

N kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù tán tí Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ fi dé, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wọ́n gbé lọ́kà kan sáàárín ara wọn. Kí n má tilẹ̀ pè é ní lọ́kà mọ́: ẹsẹ̀ mẹ́ta ló kù, ìdérí ti lọ, ikán ti jẹ ìdí rẹ̀. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ni, èyí tó jáde lọ́dún tó kọjá. Àbúrò ti wọ JSS 1 báyìí, wọ́n sì ti sọ fún un pé kó gbé àga àti lọ́kà tirẹ̀ wá. Láti ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti wọlé, orí fèrèsé ló ń jókòó sí.

"Orí fèrèsé kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ọmọ náà dáhùn. "Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀. Tí òjò bá ti fẹ́ máa fọ́n sí wa lára, a máa ń sọ̀ kalẹ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ibi tí wọ́n ti ń gba bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ ló ń wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi wò ó. Agbára mi ò gbé tuntun."

Mo ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀, kí ìyá máa lọ sọ́jà kí ẹ̀fọ́ má baà rọ. Mo ní kí ọmọ padà wá tí wọ́n bá jáde, kí n lè wọ̀n ọ́n.

Oṣù Kẹsàn-án ni ìkórè àwa káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù wa kò jìnnà sí ilé-ìwé ìjọba. Àwọn télọ̀ ní Iléyá àti Kérésì, àwa ní ìwọlé ọmọ ilé-ìwé. Láti oṣù Kẹjọ ni mo ti ń ra pákó pamọ́. Lọ́kà mẹ́tàdínlógún ni mo ti tà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, 22,000 náírà pẹ̀lú àga rẹ̀. Arère ni mo fi ń ṣe é fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó fúyẹ́, ọmọ lè rù ú láti Òkè-Baálẹ̀ wá sísàlẹ̀ láìsinmi, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àkàrà. Ẹni tó bá lówó díẹ̀ sí i, mo máa ń fi afàrà ṣe é fún un.

Ohun tí àwọn òbí máa ń sọ jù ni pé, "Ẹ ṣe é kó tóbi o, kó lè lò ó dé SS 3." Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọn ò fẹ́ rí mi mọ́ fún ọdún mẹ́fà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá á wá gun orí àga tó yẹ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fì lófuurufú bí ti ẹni tó jókòó sí etí kànga. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan jókòó sí tirẹ̀ níbí kí ó dán an wò, àgbọ̀n rẹ̀ ló kan tábìlì. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó máa ga."

Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Òun náà ṣe àga ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ wọn yàtọ̀. Ọmọṣẹ́ ló jẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Ó máa ń sọ pé Kérésì tó ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀gá àwọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sílé. Bẹ́ńṣì gígùn ni wọ́n ń kàn tọ̀sán-tòru, ọmọ mẹ́rin sórí ọ̀kan. Kánsù ló ń sanwó. Ó lè pẹ́ kí owó tó jáde o, bàbá mi kì í fi ìyẹn bò, ṣùgbọ́n kò sí ìyá kankan tó gbé ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn kí wọ́n wọn ìdí rẹ̀.

Èmi alára wọ pírámárì ní 1979, ọdún tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ olú-ìlú fún àwa ará Òṣogbo. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó dùn bí oyin. A pọ̀ ju yàrá lọ, ìgbà mìíràn wà tí abẹ́ màǹgórò ni kíláàsì wa, tí èèrà ń jẹ wá lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi, tó ń rẹ aṣọ ní àdúgbò wa títí ọwọ́ rẹ̀ fi dú dé ìgbúnwọ́, kò ra àga ilé-ìwé rí títí ó fi kú.

Nǹkan bí aago méjìlá, lọ́yà kékeré kan tí mò ń bá ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó rí òkìtì lọ́kà, ó béèrè ilé-ìwé àdáni wo ló gbéṣẹ́ fún mi. Mo ní kì í ṣe àdáni. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ ń ṣeré ni." Ó yọ fóònù rẹ̀, ó wá Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbo Ọmọ ti 2004 jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní UBE, ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tú u fún mi. Òfin ní ọ̀fẹ́ ni kí ilé-ìwé ìjọba jẹ́ láti pírámárì wáń títí dé JSS 3. Níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkàwé, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán.

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Àga àti tábìlì wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí òfin yẹn ti wà. Gbogbo lọ́kà tí mo ti tà fún ọmọ JSS láàárín ìgbà náà, ìjọba ló yẹ kó wá sanwó rẹ̀ fún mi. Mo jókòó sórí pákó. Lọ́yà rò pé inú ń bí mi. Kì í ṣe ìbínú gan-an. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tèmi ni mo ń rò, pé nínú owó lọ́kà yìí ni mo ti ń san án.

Ó tún kà pé ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ ọmọ fún ohun tí òfin ní kó jẹ́ ọ̀fẹ́, ìtanràn rẹ̀ kò ju 10,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Mo bú sẹ́rìn-ín. 10,000 náírà kò tó ìdajì owó lọ́kà mi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Àga ni wọ́n ní kó gbé wá.

"Ta ló wá ń jẹ owó náà?" mo bi í.

Ó ní kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ń jẹ. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ ni òfin yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ti kíkọ́ yàrá àti ríra àga gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìpín tirẹ̀ kalẹ̀. Èyí tí kò bá gbé e kalẹ̀, owó rẹ̀ á jókòó sí Àbújá. Ohun tó ń sọ yé mi dáadáa: èésú ni. Ẹni tí kò dá kò lè kó. Àmọ́ nínú èésú tèmi, ẹni tí kò dá ni ìyà ń jẹ. Nínú ti wọn, ọmọ orí fèrèsé ni.

Mo bi í nípa ọmọ SS. Ó ní òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ó dúró ní JSS 3. Kò wù mí láti bèèrè nǹkan mìíràn.

Ká sòótọ́, n kì í bá àwọn tíṣà jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọ̀gá ilé-ìwé kan wá bá mi nírọ̀lẹ́, ó bọ fìlà, ó ní kí n bá òun tún ogún àga ṣe, àwọn á máa san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Owó àpò ara rẹ̀ ló fi ra ìṣó. Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, iṣẹ́ kò tán, mo tún lọ ní ọjọ́ Ajé nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Àwọn tó mọ̀ ní kíláàsì sẹ́kọ́ńdìrì kan kò yẹ kó ju ogójì lọ. Mo ka èyí tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: mẹ́tàlélọ́gọ́rin, láìka àwọn tó wà níta. Tíṣà kò lè rìn dé ẹ̀yìn. Tó bá fẹ́ gba ìwé ọmọ tó wà lẹ́yìn kó fi máàkì sí i, wọn á máa nà án láti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí àwọn yòókù títí á fi dé iwájú, á sì tún gba ibẹ̀ padà. Bírò ti bọ́ lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀rẹ̀ wá a.

Ibẹ̀ ni mo ti rí lọ́kà mi kan. Mo máa ń kan ìṣó mẹ́ta sábẹ́ ìdérí, bí òkúta ààrò, kí n lè dá iṣẹ́ mi mọ̀. Ọmọkùnrin gìrìpá kan ló jókòó sí i, wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha orúkọ tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dànù. Mo mọ ẹni tó ni ín. Ìyá rẹ̀ ti padà wá ra òmíràn lọ́wọ́ mi kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ń sunkún. Mi ò sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, níbo ló máa jókòó sí?

Ẹ wò ó, nǹkan ńlá ò ṣàì wá sí Òṣogbo. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni Ààrẹ Buhari wá ṣí Osogbo Government High School, ilé-ìwé tí wọ́n kọ́ fún ọmọ 3,000. Èmi náà lọ wòran. Ilé náà wuyì. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2013, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ìjọba fẹ́ pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ, mo rò pé iṣẹ́ ti dé fún ẹgbẹ́ káfíńtà. Ṣé ọpọ́n náà ni wọ́n pè é. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ni. Àwọn ọmọṣẹ́ mi fi mí ṣẹ̀sín títí ọdún fi parí.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ padà dé ní aago mẹ́ta, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ti ṣẹ́ apá rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọn láti orúnkún rẹ̀ dé ilẹ̀. Mo yọ gbogbo ibi tí ikán jẹ, mo fi ẹsẹ̀ tuntun méjì sí i, mo gé gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú bá ọmọ náà mu, mo sì fi àjẹkù pákó kọ́bọ́ọ̀dù lọ́yà ṣe ìdérí. Kò ní tó SS 3. Mo ti sọ fún un pé kó gbé e padà wá tó bá ga sí i, kí n kan ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Ó jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí kò gbà á gbọ́.

6,500 náírà ni mo pè é. Ìyá rẹ̀ san 4,000, ó ní òun á máa fi ẹ̀fọ́ dí ìyókù. Ìyàwó mi ti ní kò gbọ́dọ̀ jẹ́ tẹ̀tẹ̀ lójoojúmọ́ o.

Ọmọṣẹ́ mi ló ń bá wọn kọ orúkọ sórí lọ́kà, ọ̀dà pupa. JSS 2 lòun ti kúrò nílé-ìwé, ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Orúkọ ọmọ yìí gùn, ó fo lẹ́tà kan. Ọmọ náà wò ó, ó wojú mi, ó tún wojú ọmọṣẹ́.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọ̀kan."

Ọmọṣẹ́ mi kò dáhùn. Ó na búrọ́ọ̀ṣì sí i. Ọmọ náà fi lẹ́tà tó kù sókè láàárín méjì, ó fa ìlà kékeré sísàlẹ̀ rẹ̀ bí àwọn tíṣà ṣe máa ń ṣe. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ tí òjò tún fi bẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé lọ́kà náà wọlé kíákíá.