Iná Browns Ferry: ewu tó gba inú ihò ògiri wọlé

Bí a bá dárúkọ ilé-iṣẹ́ amúnáwá núkílíà láàárín àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ Chernobyl ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn, tàbí ti Fukushima, àti ìtànṣán olóró tí ojú kò lè rí. Ní tèmi, tí iṣẹ́ mi jẹ́ àyẹ̀wò ètò ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, iná lásán tí ń jó wáyà àti fóòmù ni ọkàn mi máa ń lọ sí. Ìgbàkúùgbà tí mo bá wọ ilé-iṣẹ́ kan, ibi tí wáyà ti gba inú ògiri kọjá ni mo máa ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi hàn mí. Ó máa ń ya àwọn tó ń mú mi kiri lẹ́nu, nítorí wọ́n ti to àwọn agolo apaná pupa sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì rò pé ìwọ̀nyẹn ni mo wá wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Browns Ferry ni ó kọ́ mi ní àṣà yìí.

Browns Ferry jẹ́ ilé-iṣẹ́ amúnáwá núkílíà tó wà ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, létí odò Tennessee, nítòsí ìlú Athens. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Tennessee Valley Authority ló ni ín. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1975, tí í ṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta, ríákítọ̀ (ẹ̀rọ tí ùréníọ̀mù inú rẹ̀ ń mú ooru jáde láti fi ṣe iná mànàmáná) kìíní àti ìkejì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, wọ́n sì ń kọ́ ìkẹta lọ́wọ́. Lábẹ́ yàrá ìdarí, yàrá kan wà níbi tí wáyà àwọn ríákítọ̀ méjèèjì ti ń pàdé kí wọ́n tó gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń darí ẹ̀rọ. Láti inú yàrá yìí, àwọn wáyà náà gba inú ihò ògiri bọ́ sínú ilé ríákítọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò afẹ́fẹ́ inú ilé ríákítọ̀ kí ipá rẹ̀ má tó ti ìta, kí ó lè jẹ́ pé bí ihò kan bá wà, afẹ́fẹ́ ìta ni yóò máa wọlé, tí èyí tó wà nínú, tó ṣeé ṣe kí ó ní ìtànṣán, kò ní ráyè jáde. Gbogbo ihò ara ògiri náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ dídí.

Àbẹ́là ni wọ́n fi ń mọ ihò tí kò tíì dí dáadáa. Òṣìṣẹ́ á tan àbẹ́là, á gbé e sún mọ́ ibi tí wáyà ti wọ ògiri, bí ọwọ́ iná náà bá sì tẹ̀ síbì kan, á jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń kọjá níbẹ̀. Fóòmù polyurethane, tí iná máa ń tètè ràn mọ́, ni wọ́n sì fi ń dí i. Ní nǹkan bí aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ méjì rí ihò kan tí kò ju íǹṣì 2 sí 4 lọ, wọ́n ki fóòmù bọ̀ ọ́, wọ́n sì tún gbé àbẹ́là sún mọ́ ọn láti wò ó bóyá ó ti dí. Afẹ́fẹ́ fa ọwọ́ iná àbẹ́là náà wọnú ihò, fóòmù sì gbiná. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì lù ú, wọ́n fi àkísà tẹ̀ ẹ́, wọ́n tú agolo apaná lé e lórí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà tó fa iná wọlé ti gbé e dé ẹ̀yìn ògiri, níbi tí ọwọ́ wọn kò lè dé. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí àlámù tó dún.

Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní ọjọ́ méjì ṣáájú, irú iná bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣẹ́ nídìí iṣẹ́ kan náà. Wọ́n pa á, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, iṣẹ́ sì ń bá a lọ pẹ̀lú àbẹ́là. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ tí kò sí ẹni tó ní ojúṣe láti kà á kí ó sì dá iṣẹ́ dúró, irú oorun bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Nínú yàrá ìdarí, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ojú wọn kò rí rí. Àwọn gílóòbù ojú pátákó ń mọ́lẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, wọ́n ń ṣú, wọ́n tún ń mọ́lẹ̀. Àwọn pọ́ńpù tí a tò sílẹ̀ de ọjọ́ ìjàǹbá ń dìde fúnra wọn bí ẹni pé omi ti tán nínú ríákítọ̀, nígbà tí òdiwọ̀n omi ń sọ pé omi pé. Bí wọ́n bá pa wọ́n, wọ́n á tún dìde. Ní aago 12:51 wọ́n pa ríákítọ̀ kìíní. Ní aago kan ọ̀sán wọ́n pa ìkejì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ríákítọ̀ tí a pa kì í tutù lójú ẹsẹ̀: ùréníọ̀mù inú rẹ̀ ṣì ń mú ooru jáde tó ìdá 6 sí 7 nínú 100 agbára tó ní tẹ́lẹ̀, bí ààrò tí a ti yọ igi lẹ́nu rẹ̀ tí ẹ̀yinná rẹ̀ ṣì ń jó. Ooru náà ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n omi gbọ́dọ̀ máa wọlé láìdáwọ́dúró fún ọjọ́ púpọ̀. Iná sì ti gba gbogbo pọ́ńpù ìjàǹbá ríákítọ̀ kìíní mọ́ wọn lọ́wọ́. Omi tó máa ń ga ju orí ùréníọ̀mù lọ ní nǹkan bí íǹṣì 200 wálẹ̀ títí ó fi ku íǹṣì 48. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣí fáàfù láti tú ooru omi jáde kí ipá inú ríákítọ̀ lè rọ̀, wọ́n sì fi àwọn pọ́ńpù iṣẹ́ ojoojúmọ́, tí ìwé ètò kò kà sí ẹ̀rọ ìjàǹbá rárá, ti omi wọlé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, agbára láti ṣí àwọn fáàfù náà tún bọ́ lọ́wọ́ wọn fún ohun tó ju wákàtí mẹ́ta lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe bá iná náà jà. Yàrá wáyà ní ètò tí ń tú gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì láti pa iná. Wọ́n ti gé iná mànàmáná ètò náà nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá, ìyẹn sì bọ́gbọ́n mu, torí gáàsì yẹn lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ tú u, wọ́n bá páànù irin tí wọ́n ti fi bo ibi tí a ń yí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé, tí ẹnikẹ́ni kò sì yọ kúrò. Ọ̀gá panápaná ìlú Athens dé lọ́sàn-án, ó sì sọ fún wọn pé omi ni yóò pa iná yìí. Àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ kò gbà. Wọ́n bẹ̀rù pé iná mànàmáná yóò gbé àwọn tó bá fọ́n omi sí wáyà, àti pé omi náà yóò dá àwọn ẹ̀rọ tó kù dúró. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó ìpàdé ni ó yẹ kí wọ́n ti bá a jà, ní oṣù púpọ̀ ṣáájú, kí ìwé ètò lè sọ ní kedere ẹni tó ní àṣẹ láti ní kí omi bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò lò ó. Nígbà tó di nǹkan bí aago méje alẹ́ wọ́n gbà, iná tó ti jó fún nǹkan bí wákàtí méje sì kú láàárín àkókò tí kò pé wákàtí kan.

Kò sí ẹni tó kú, ìtànṣán kò sì jáde kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà. Wáyà tó bàjẹ́ lé ní 1,600, àwọn tó jẹ́ ti ìdáàbòbò ríákítọ̀ nínú wọn sì lé ní 600. Ó ju ọdún kan lọ kí ríákítọ̀ méjèèjì tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àjọ NRC tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ núkílíà ní Amẹ́ríkà kò tíì lo oṣù mẹ́ta nígbà tí iná yìí ṣẹ́. Ìjábọ̀ ìwádìí wọn jáde ní oṣù Èrèlé ọdún 1976, ó sì fi hàn pé pípín tí wọ́n pín wáyà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò dé ìdí: wáyà tín-ín-rín tí ń gbé iná fún gílóòbù pátákó ìdarí ti so ọ̀nà kan mọ́ èkejì. Ní ọdún 1980 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Appendix R jáde. Mo fẹ́ràn òfin náà nítorí ó gbà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iná yóò borí ẹni tó ń pa á, ó sì ń béèrè ohun tí yóò kù lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀nà méjì bá wà láti pa ríákítọ̀ kí ó sì tutù, iná kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ lè jó wáyà méjèèjì. Ògiri tó lè dúró nínú iná fún wákàtí 3 ni kí ó là wọ́n. Tàbí kí àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 20 wà láàárín wọn láìsí ohun tó lè gbiná níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń tú àṣírí iná àti èyí tí ń pa á fúnra rẹ̀. Tàbí, pẹ̀lú ẹ̀rọ méjèèjì yẹn, kí wọ́n fi ohun tó lè kojú iná fún wákàtí 1 bo ọ̀nà kan nínú wọn.

Ẹni tó bá rò pé òfin yìí ti le jù, kí ó wo ilé-iṣẹ́ núkílíà Narora ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1993, abẹ tọ́báìnì, ẹ̀rọ tí ooru omi ń yí láti mú iná mànàmáná wá, já níbẹ̀, ẹ̀rọ náà gbọ̀n jìgìjìgì títí gáàsì háídírójìn àti epo fi tú jáde tí wọ́n sì gbiná. Wáyà iná mànàmáná gidi àti ti ìjàǹbá gba ojú ọ̀nà kan náà láìsí ohun tó là wọ́n, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ wà, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kò rí ọ̀nà dé ibi tó ń lọ. Òkùnkùn bo ilé-iṣẹ́ náà fún wákàtí 17. Èéfín lé àwọn òṣìṣẹ́ jáde nínú yàrá ìdarí. Àwọn kan mú tọ́ọ̀ṣì gun òkè ilé ríákítọ̀ lọ nínú òkùnkùn láti fi ọwọ́ ṣí fáàfù, kí omi bórọ́ọ̀nù lè sàn wọlé kí ríákítọ̀ má baà tún jí. Àwọn pọ́ńpù panápaná tí ń lo dísù, tí kò nílò wáyà tó ti jó, ni wọ́n sì fi fa omi tó mú ooru kúrò.

Òfin tó dára kò sì tó bí ohun tí a fi mú un ṣẹ kò bá dára. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ núkílíà ní Amẹ́ríkà fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní Thermo-Lag wé wáyà wọn, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì sọ pé yóò dúró fún wákàtí 1 tàbí 3. Nígbà tó di ọdún 1992, NRC kìlọ̀ fún wọn pé nígbà tí wọ́n sun ún wò, kò dúró tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó rí i ṣe, òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń rán láti máa rìn káàkiri ibẹ̀ ní wákàtí wákàtí, kí wọ́n máa wo bóyá iná ti ṣẹ́. Ìṣọ́ tí wọ́n pè ní ti ìgbà díẹ̀ yìí di ti ọdún púpọ̀ ní àwọn ibì kan. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó rìn ín, ṣùgbọ́n ẹni tó kọjá ní aago méjì kò lè mọ ohun tó gbiná ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí wọ́n bá gbé ìwé irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ síwájú mi ní ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí, ọjọ́ tí wọn yóò tún ògiri ṣe ni mo máa ń béèrè kí n tó fọwọ́ sí i.