Àwa Obìnrin, Àwọn Trans, àti Ẹnu Tí Wọ́n Fẹ́ Dí

Láti ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2025 tí kóòtù tó ga jù ní Ìlú Ọba ti dá ẹjọ́ lórí ẹni tí òfin ń pè ní obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà ò ti kúrò lórí fóònù mi. Nínú WhatsApp àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, fídíò ń wọlé lórí fídíò, wọ́n ń yin Olúwa pé àwọn òyìnbó ti wá mọ ẹni tó ń jẹ́ obìnrin báyìí, àwọn míì á tún wá fi fọ́tò ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ rí sí i, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dá àwọn kan lóhùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí èèyàn lè máa tẹ̀ lórí fóònù nígbà tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo ẹ̀ wá síbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹjọ́ yẹn dá lé ná, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó sí i ò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2018, ilé aṣòfin Scotland ṣe òfin kan pé kí àwọn obìnrin tó ìdajì nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ka àwọn obìnrin trans mọ́ ọn, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí ní ọkùnrin àmọ́ tí wọ́n ń gbé ayé wọn bí obìnrin. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ń jẹ́ For Women Scotland ní àwọn ò gbà, wọ́n dáwó jọ, wọ́n gba kóòtù lọ, wọ́n borí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún fìdí rẹmi lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò dẹ̀ sinmi títí ọ̀rọ̀ fi dé London. Adájọ́ márùn-ún ló jókòó sí i, ohùn wọn sì ṣọ̀kan: nínú Equality Act ti 2010, ìyẹn òfin tó ní kí wọ́n má ṣe ojúsàájú sí ẹnikẹ́ni, ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin ni òfin yẹn ń pè ní obìnrin, sátífíkéètì tí ìjọba bá fún ẹni tó yí padà ò yí ìyẹn padà. Lord Hodge tó ka ìdájọ́ náà wá sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé kí ẹnikẹ́ni má kà á sí pé apá kan ti ṣẹ́gun apá kejì, ó ní òfin kan náà ṣì ń dáàbò bo àwọn trans lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fìyà jẹ wọ́n tàbí dójú tì wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń gé kúrò nínú fídíò tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ kiri.

Èmi fara mọ́ ìdájọ́ náà, mi ò ní fi bò. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni mò ń ṣe níbí ní Ìlú Ọba, yàrá kan náà ni àwa obìnrin ti ń bọ́ aṣọ ilé tí a sì ń wọ aṣọ iṣẹ́, láàárọ̀ kùtù, ojú oorun ṣì wà lójú, ẹlòmíì ń ṣe nǹkan oṣù, ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ọyàn ń kán sára aṣọ ẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹ̀yìnkùlé la ti ń wẹ̀, ọkùnrin tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá á kọ́kọ́ ké àgò, á dúró dìgbà tí wọ́n bá dá a lóhùn, kódà kó jẹ́ bàbá onílé. Kò sẹ́ni tó sọ pé oníṣekúṣe ni bàbá náà. Wọ́n kàn mọ̀ pé obìnrin tó wà ní ìhòòhò ló ni ààyè yẹn nígbà yẹn ni. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òyìnbó tó ń pè wá ní oníkórìíra gbọ́ nìyí, pé èèyàn lè ní kí o dúró síta láìsọ pé ènìyàn burúkú ni ẹ́. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Alhaja ni, ó ti pẹ́ tó ti ń lọ sí swimming pool ní wákàtí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan torí orúnkún tó ń dùn ún. Ibẹ̀ nìkan ló ti lè ṣí orí sílẹ̀ lóde. Bí ẹni tí ara ẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin bá lè wọlé síbẹ̀, ẹ̀sìn ẹ̀ ò gbà á láyè mọ́, ilé ló máa jókòó sí, kò dẹ̀ ní bá ẹnikẹ́ni jà, kò ní kọ lẹ́tà, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé kò wá mọ́.

Èyí tó wá dùn mí wọra jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ ní Edinburgh. Òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀, Roz Adams. Obìnrin kan tí wọ́n ti ṣe báyẹn fún fẹ́ mọ̀ ṣáájú kó tó wá bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ni ẹni tó máa jókòó tì í. Ìbéèrè yẹn ò le. Roz ní ó yẹ ká dá a lóhùn. Ni wọ́n bá fa Roz síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, wọ́n fi ayé ni í lára títí tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Lóṣù karùn-ún 2024 ni kóòtù àwọn òṣìṣẹ́ dá a láre, wọ́n ní ohun tí wọ́n ṣe fún un jọ ìgbà tí àwọn ẹlẹ́sìn ń ṣọdẹ ẹni tó bá ronú yàtọ̀. Mo ka ìròyìn yẹn nínú ọkọ̀ ojú irin, ara mi ń gbọ̀n. Obìnrin tí ayé ti fọ́ mọ́ lórí, tó fi gbogbo okun tó kù fún un béèrè nǹkan kan ṣoṣo, ẹni tó fẹ́ fèsì ló wá di ọ̀daràn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n náà wà níbẹ̀. Ní January 2023 wọ́n dá Isla Bryson lẹ́bi pé ó fipá bá obìnrin méjì lòpọ̀ nígbà tó ṣì ń jẹ́ ọkùnrin, wọ́n sì kọ́kọ́ mú un lọ sẹ́wọ̀n àwọn obìnrin ní Cornton Vale kí ariwo tó pọ̀ tí wọ́n fi gbé e lọ sí ti ọkùnrin. Ó lé díẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú ìyẹn ni ilé aṣòfin Scotland fi ìbò 86 sí 39 gbà pé kí sátífíkéètì yẹn rọrùn ún gbà, láìsí ìwé dókítà, bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ ọdún 16. Ìjọba London ló dí i. Mi ò sọ pé bí Bryson ṣe rí ni àwọn trans rí o, ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn obìnrin ti béèrè tipẹ́ pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé, wọ́n ní kí wọ́n panu mọ́.

Ìpanumọ́ yẹn gan-an ni mo wá sọ. Ẹ wo Maya Forstater, iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe ní iléeṣẹ́ kan, ó ń kọ ọ́ sórí Twitter pé èèyàn ò lè yí ẹ̀yà tí wọ́n bí i sí padà, lọ́dún 2019 wọn ò tún ìwé iṣẹ́ ẹ̀ ṣe mọ́. Adájọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ sọ pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ ò yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún nínú àwùjọ tiwantiwa. Ẹ ronú sí i! Ohun tí ìyá ìyá mi gbàgbọ́, tí ìyá ìyá ti gbogbo èèyàn gbàgbọ́. Ní 2021 kóòtù kòtẹ́milọ́rùn da ìyẹn nù, ní 2023 wọ́n ní kí wọ́n san ohun tó lé ní £100,000 fún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù o, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn yẹn kan náà sọ pé àwọn ò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti máa fi orúkọ àti ìpè tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni trans lára níbi iṣẹ́. Pé o gba nǹkan gbọ́ yàtọ̀ sí pé kí o máa fi ṣe ẹnìkejì ẹ ní ìkà lójoojúmọ́. Allison Bailey náà, lọ́yà obìnrin, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, òun náà borí lórí apá kan ẹjọ́ ẹ̀ ní 2022 lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ irú ẹni tí Allison jẹ́. Obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin wà lára àwọn tó gbé èrò wọn lọ síwájú kóòtù London yẹn, apá For Women Scotland ni wọ́n sì wà. Àwọn tí ẹ ń gbàdúrà lé lórí ní Sunday ló bá yín ja ìjà tí ẹ ń dúpẹ́ lé lórí yìí, àwọn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ni wọ́n pariwo lé lórí ní yunifásítì. Ó yẹ kí ìyẹn mú yín dákẹ́ ronú díẹ̀.

Ti Kemi Badenoch wá ńkọ́? Ọmọ wa ni, Adégòkè, inú mi ò dùn sí púpọ̀ nínú ohun tó máa ń sọ nípa Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ní June 2024, nígbà tó ṣì jẹ́ mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin ní Ìlú Ọba, òṣèré David Tennant dìde níbi tí wọ́n ti ń fún un ní àmì ẹ̀yẹ, ó ní ó wu òun kí Kemi kàn panu mọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Kemi ní òun ò ní panu mọ́. Ọkùnrin funfun, olówó, tó ní kí obìnrin dúdú panu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ obìnrin, tí gbọ̀ngàn sì ń pàtẹ́wọ́! Bí ẹni tí ẹ kórìíra bá sọ irú ẹ̀ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ ò bá mọ ohun tí ẹ ó pè é.

Síbẹ̀ àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Victoria McCloud, tó ti ṣe adájọ́ rí, tó sì jẹ́ trans, bẹ kóòtù pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà sọ̀rọ̀ nínú ẹjọ́ yẹn, wọn ò gbà. Amnesty àti ìjọba Scotland sọ̀rọ̀ lápá ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí trans kankan tó dá dúró níwájú wọn sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa rí lára òun. Ìyẹn ò dáa lójú tèmi. Mo fara mọ́ ibi tí wọ́n bá a já, ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Àwọn tó ní sátífíkéètì yẹn ò pọ̀ rárá ní gbogbo Ìlú Ọba, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n láàrin ogunlọ́gọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Ẹ wá wo ọkùnrin trans, ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin tó ti ń lo oògùn, irùngbọ̀n ti kún ẹnu ẹ̀, ohùn ẹ̀ ti ki. Lójú òfin obìnrin ni. Bó bá wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin a máa pariwo, kódà àwọn adájọ́ yẹn sọ pé wọ́n lè ní kó má wọ ibòmíì tó jẹ́ ti obìnrin torí bó ṣe rí. Ibo ló máa yà sí? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá, ibo ló máa tọ̀ sí? Bí a bá ti sọ pé ibí yìí jẹ́ tiwa, ó di dandan ká bá wọn wá ibòmíì tó níyì, tó ní ilẹ̀kùn, tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ìjọba ná owó sí i. Àwọn tó ń jó nínú WhatsApp, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan nínú wọn béèrè ìyẹn.

Ẹ tún máa ń pariwo free speech, free speech. Lóṣù kẹsàn-án 2025 tí ọlọ́pàá márùn-ún tó gbé ìbọn lọ mú Graham Linehan, ọkùnrin tó ń kọ eré apanilẹ́rìn-ín, ní pápákọ̀ òfuurufú Heathrow nítorí ohun tó kọ sórí Twitter, gbogbo wa la bínú, èmi náà bínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó kọ ò dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n padà ní ẹjọ́ ò sí níbẹ̀. Nílé wa ńkọ́? Òfin tí Jonathan fọwọ́ sí ní January 2014, ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ fún àwọn tó ń fẹ́ irú ara wọn tàbí tó ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ìyẹn túmọ̀ sí pé wọn ò lè jókòó rojọ́ ara wọn láìfòyà. Ní 2022 wọ́n tún gbé àbá òfin lọ sílé aṣòfin ní Abuja pé ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí N500,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò di òfin. Ní 2024 wọ́n fún Bobrisky, ọkùnrin tó máa ń múra bí obìnrin, ní ẹ̀bùn obìnrin tó múra jù níbi tí wọ́n ti ń ṣe àfihàn fíìmù Ẹniọlá Àjàó l'Ékòó. Inú bí àwọn obìnrin, ó sì yẹ kó bí wọn, Ẹniọlá tọrọ gáfárà. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí EFCC mú Bobrisky torí ó fọ́n owó náírà lóde àríyá, kóòtù dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún un, kò sí fáìnì. Olówó míì tí wọ́n fi irú ẹ̀sùn yẹn kàn lóṣù kan náà bá wọn yanjú ẹ̀, kò rí ẹ̀wọ̀n. Mi ò sọ pé torí ẹ̀bùn yẹn ni. Mo kàn rántí bí àwọn èèyàn wa ṣe yọ̀ ni, kì í ṣe torí owó náírà ni wọ́n ṣe ń yọ̀, gbogbo wa la mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí Roz àti Maya sọ̀rọ̀, kó jẹ́ kí McCloud náà sọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ kí ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé ní Ìbàdàn sọ tẹnu ẹ̀ láìsí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí àjọ EHRC, àwọn tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àti ìdọ́gba ní Ìlú Ọba, ní kí ará ìlú wá sọ èrò wọn lórí ìlànà tí wọ́n fẹ́ gbé jáde lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2025, àwọn tó fèsì lé ní 50,000. Èmi náà kọ tèmi. Mo ní kí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ àwọn obìnrin àti ibi ààbò àwọn tí wọ́n ti fìyà jẹ jẹ́ ti àwọn tí wọ́n bí ní obìnrin, mo ní kí gbogbo ọsibítù ní yàrá àdáni tí ògiri ẹ̀ kàn mọ́ àjà tí ilẹ̀kùn ẹ̀ kanlẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè lò ó láìsọ ìdí, mo sì ní kí wọ́n má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ìhà tó kọ sí ọ̀rọ̀ yìí, yálà tiwa tàbí tiwọn. Mo fi línkì ẹ̀ sínú WhatsApp wa nígbà náà, Alhaja gan-an ni mo bá kọ tiẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré, lórí swimming pool.