Rìsíìtì Màmá Àgbà ló gbé mi dé Lebanon Street, n'Íbàdàn

Inú àpótí aṣọ Màmá Àgbà ni mo ti rí rìsíìtì kan lẹ́yìn tá a sin wọ́n tán, ó ti gbó, iye owó ara ẹ̀ ò ṣeé kà mọ́, àmọ́ "Lebanon Street, Ibadan" ṣì hàn ketekete. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé wọ́n máa ń sọ fún wa pé Gbági lọ́dọ̀ Kòráà (àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì) làwọn ti ń gba àrán láwìn, wọ́n á gbé e wá tà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó padà lọ sanwó.

Ni mo bá gbéra lọ́jọ́ Tuesday. Mọ́tò já mi sí Òjòó, mo wọ Mícra, a gba Sángo, a gba Mókọ́lá, go-slow mú wa díẹ̀, ìgbà tí mo rí Cocoa House ni mo mọ̀ pé a ti dé Dùgbẹ̀.

Mo ti rò ó lọ́kàn pé màá bá ère tàbí òkúta ìrántí kan níbẹ̀. Mi ò rí ìkankan. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni mo rí, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, èrò tó ń rọ́ lura wọn. Ọ̀pọ̀ aláṣọ ti kó lọ sí Gbági tuntun lọ́nà Ifẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin kan tó ń ta báàgì pé kí ló dé tí wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Lebanon, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bá a ṣe bá a nìyẹn o. Ẹ bi Baba télọ̀ yẹn, àwọn ló mọ ìtàn."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Baba, wọ́n ní kí n jókòó. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń bá Kòráà kan tajà, ó ń gbé lókè, ó ń tà nísàlẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá bí ọmọ Òjé. Ní gbogbo November 22, á tètè ti ṣọ́ọ̀bù, á ta àsíá kan sára ògiri, pupa lókè, pupa nísàlẹ̀, funfun láàárín, igi tútù kan sì wà nínú funfun yẹn (kédárì Lẹ́bánónì tí wọ́n ń kọ́ wa ní Sunday School gan-an ni). Á bu oúnjẹ fún gbogbo ọmọọṣẹ́, á wá tún ìtàn kan náà sọ.

Faransé ló ń ṣàkóso Lẹ́bánónì látẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní November 1943, àwọn aṣòfin wọn yọ àṣẹ Faransé kúrò nínú òfin ìlú, inú bí Faransé, nígbà tó di ọjọ́ 11 wọ́n lọ kó Ààrẹ Bechara El Khoury àti olórí ìjọba Riad Al Solh ní ìdájí, wọ́n tì wọ́n mọ́ ilé olódi Rashaya. Àsíá Faransé ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, kédárì ni wọ́n kàn fi sáàárín ẹ̀, làwọn aṣòfin tó kù bá fọwọ́ ya tuntun sórí bébà, wọ́n buwọ́ lù ú. Ìlú dìde, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí jọ dìde ni o, Gẹ̀ẹ́sì náà sì fúngun mọ́ Faransé títí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀ ní November 22, ọjọ́ òmìnira wọn nìyẹn.

Baba ní lọ́jọ́ October 1, 1960, ọ̀gá yẹn wá àsíá tiwa rà, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀, ó ní, "Ọdún 17 péré la fi jù yín lọ, ẹ kú oríire." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Èmi ń ronú nípa ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà, tóun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń háyà họ́ọ̀lù lọ́dọọdún kí wọ́n ṣáà lè gbé àsíá Nàìjíríà kọ́ fún wákàtí mélòó kan. Orúkọ àdúgbò yìí ni ìrántí tó kù tí mo rí, ó sì dùn mí pé àwọn tó ń pè é lójoojúmọ́ ò mọ̀dí ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ ìtàn yẹn sórí pátákó kan síbẹ̀.

Kí n tó dìde, mo fi rìsíìtì han Baba. Wọ́n gbé e sún mọ́jú, wọ́n ń fi ìka tọ lẹ́tà ẹ̀, wọ́n ní bí ìwé ọ̀gá àwọn ṣe rí nìyẹn, àmọ́ kò dá àwọn lójú. Wọ́n ní kí n padà wá ní November 22, kí n mú un dání.