Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ rí ohun tó ṣẹ́ kù: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ìtàn Yúróòpù àtijọ́

Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́tàlá ní London. Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1066 sí 1509, ìyẹn apá kan nínú ìgbà tí àwọn òpìtàn ń pè ní ayé àárín. Ọ̀pọ̀ ìwé a máa fi ogun Hastings bẹ̀rẹ̀, ilé olódi á tẹ̀ lé e, ọba kan á dé, òmíràn á lọ. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni wọ́n tó ń bi ọmọ pé kí ni gbogbo rẹ̀ fi sílẹ̀ fún ayé òní. Nígbà yẹn, ó ti sú ọmọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ gbé ìbéèrè yẹn wá síwájú. Ohun tó ṣì wà láàárín wa ni kí ọmọ kọ́kọ́ rí, kó wá máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Lẹ́tà júrì ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kan ti rí i tí ilé ẹjọ́ kọ̀wé sí òbí wọn pé kó wá bá àwọn mọ́kànlá mìíràn jókòó gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn. Mo máa ń bi wọ́n pé: kí ló dé tó fi jẹ́ ará ìlú tí kò kàwé òfin ni yóò sọ bóyá ẹnìkan jẹ̀bi? Ọdún 1215 la ó padà sí. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ẹ̀rí kò bá dájú, wọ́n lè gbé irin gbígbóná lé afurasí lọ́wọ́, kó fi rin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Wọ́n á di ọwọ́ náà, wọ́n á sì tú u wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí egbò bá ń jinná, Ọlọ́run ti dá a láre. Bó bá kẹ̀, ó jẹ̀bi. Lóṣù kọkànlá ọdún 1215, ìgbìmọ̀ ńlá tí Póòpù Innocent Kẹta pè sí Lateran ní Róòmù ka á léèwọ̀ fún àlùfáà láti máa súre sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Bí àlùfáà kò bá sí níbẹ̀, ìdánwò náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ni àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá yíjú sí àwọn ọkùnrin àdúgbò tí wọ́n ti máa ń búra sọ ohun tí wọ́n mọ̀.

Ẹ má yára kúrò níbí. Ọmọ kan á ṣáà béèrè pé ta ló ń wo ọwọ́ náà, ta ló ń sọ pé ó ń jinná. Bó bá ti bèèrè, ẹ má dáhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn fà á. Àárín àríyànjiyàn yẹn ni agbára tí ìjọ ní nígbà náà ti ń yé wọn, ju bí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti lè là á yé wọn lọ.

Lọ́dún kan náà, lóṣù kẹfà, ni Ọba John fi òǹtẹ̀ lu Magna Carta, àdéhùn láàárín òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀, ní Runnymede létí odò Thames. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gbèsè, ogún àwọn opó àti ìdènà tí wọ́n fi ń pẹja lójú odò wà nínú rẹ̀, kó má baà rò pé ìwé òmìnira fún gbogbo ayé ni. Àárín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọba ti ṣèlérí pé òun kò ní ta ìdájọ́ òdodo fún ẹnikẹ́ni, òun kò ní fi dù ú, òun kò sì ní fi falẹ̀. Oṣù mẹ́ta kò pé tí Póòpù fi wọ́gi lé e, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú John wọ́n tún gbé e jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Nàìjíríà, ẹ ṣí abala 36 Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, níbi tó ti ní kí a gbọ́ ẹjọ́ ènìyàn láìṣègbè, láàárín àkókò tó bójú mu. Òfin Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba amúnisìn gbé wọ Èkó ló bá a dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọdún 1381 ni mo fẹ́ràn jù. Àjàkálẹ̀ àrùn tó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1348 pa ènìyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Òṣìṣẹ́ wọ́n, àwọn tó kù béèrè owó tó tó, ìjọba sì ṣòfin ní 1351 pé owó iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Owó orí tún dé, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́rin. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ṣílè kan lórí ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àwọn àgbẹ̀ Kent àti Essex dìde. Wọ́n ní àlùfáà John Ball wàásù fún wọn pé: nígbà tí Ádámù ń roko, tí Éfà ń ranwú, ta ni ọlọ́lá ìgbà náà? Ọba tí wọ́n wá bá, Richard Kejì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ọjọ́ orí yìí ni kẹ́ ẹ dì mú. Mo máa ń dúró níbi tí wọ́n ti pa Wat Tyler, olórí àwọn tó dìde náà, níṣojú ọba ní Smithfield ní London, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti fa ọrun, mo á sì ní kí kálukú kọ ohun tí òun ì bá ṣe. Ìgbà náà ni mo tó ń sọ fún wọn pé ọba gẹṣin lọ bá wọn, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun, ó sì tún padà fagi lé gbogbo ìlérí rẹ̀. Inú máa ń bí wọn gan-an. Ẹ jẹ́ kó bí wọn.

Richard yìí kan náà ló mú wa dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Jọ́ọ̀gì idẹ ńlá kan wà ní British Museum, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ ọ́, àmì ọba àti àgbọ̀nrín Richard wà lára rẹ̀. Ààfin Asantehene, ọba àwọn Asante, ní Kumasi ní ilẹ̀ Ghana òde òní ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kó o ní 1896. Ohun tí wọ́n kọ yí i ká ni pé ẹni tí kò bá fi pamọ́ nígbà tó ní, kò ní rí ná nígbà tó bá fẹ́ ná. Ẹ bi ọmọ pé báwo ló ṣe dé Kumasi: aṣálẹ̀ Sàhárà ni, àbí ojú òkun? Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi àwòrán ilẹ̀ ayé tí wọ́n yà ní Majorca ní 1375 hàn wọ́n, níbi tí Mansa Musa, ọba ilẹ̀ Mali, ti mú wúrà lọ́wọ́. Kì í ṣe torí kí inú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú lè dùn ni mo ṣe ń fi kọ́ni. Ẹ̀rí ni, gbogbo kíláàsì ló nílò rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ló rò pé Yúróòpù dá wà ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Fún ìdánwò, mo ní kí wọ́n mú ohun kan nílé tàbí ládùúgbò, kí wọ́n tọ̀ ọ́ padà kọjá ọdún 1500, kí wọ́n sọ ẹni tó jàǹfààní rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n tì síta. Ọmọbìnrin kan mú fọ́tò tí ìyá rẹ̀ yà lọ́jọ́ tó gboyè jáde ní yunifásítì. Ó ṣàlàyé pé aṣọ àwọn àlùfáà ni gáùn yẹn ti ṣẹ̀ wá, torí ẹni ìjọ ni wọ́n ka akẹ́kọ̀ọ́ Oxford àti Paris sí láyé ọjọ́un. Ó wá fi kún un pé Oxford kò fún obìnrin kankan lóyè títí di 1920. Ìlànà máàkì kò béèrè 1920 lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fún un ní máàkì tirẹ̀.